Orí Keje: Ọmọ Tí Èdè Kò Dé Ọ̀dọ̀ Rẹ̀

Nínú orí kẹfà, a tẹ̀lé ọmọ ọwọ́ láti ìgbà tó ń wí "bà-bà-bà" títí ó fi lè ròyìn ìjà ilé ìwé fún ìyá rẹ̀ láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọmọ tí à ń sọ níbẹ̀ ń gbọ́ èdè láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ìyá ń fi oríkì pè é, ìyá àgbà ń dá a lárayá, àwọn ẹ̀gbọ́n ń pariwo lé e lórí, rédíò ń sọ̀rọ̀ ní pálọ̀. Ó rọrùn láti rò pé ohun tó gbọ́ náà ló ń sọ padà. Ṣùgbọ́n bí a bá mú gbogbo ohùn wọ̀nyí kúrò ńkọ́? Bí ọmọ bá dàgbà láàrin àwọn tó fẹ́ràn rẹ̀, tí wọ́n ń bọ́ ọ, tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, tí wọ́n ń pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n tí ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rí, ṣé yóò wà bẹ́ẹ̀ láìní èdè ni, àbí yóò dá èdè tirẹ̀ sílẹ̀?

Nínú ilé tí ẹnu kì í dákẹ́, ohun tí ọmọ gbé wáyé àti ohun tó gbà lọ́wọ́ ará ilé ti lọ́ mọ́ra wọn débi pé kò sí ẹni tó lè tú wọn. Ọmọ tí èdè kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ nìkan ló lè jẹ́ kí a rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ gan-an. Ohun tí a ó rí nínú orí yìí ni pé ọmọ ènìyàn lágbára láti bẹ̀rẹ̀ èdè fúnra rẹ̀, agbára náà sì ju ohun tí ọ̀pọ̀ àgbà gbà gbọ́ lọ. Síbẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo kì í mú un dé òpin. Ẹgbẹ́ ló ń sọ ọ́ di èdè, àwọn àbúrò tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló sì ń tò ó lẹ́sẹẹsẹ.

Àwọn ọba tó fi ọmọ ọlọ́mọ dánwò

Ìbéèrè náà ti pẹ́. Herodotus, òpìtàn ará Gíríìsì, kọ ìtàn Psammetichus tó jọba ní Íjíbítì ní ọgọ́rùn-ún ọdún keje ṣáájú ìbí Krístì. Ọba yìí fẹ́ mọ ẹ̀yà tó kọ́kọ́ dáyé. Ó gba ọmọ tuntun méjì, ó fà wọ́n lé darandaran kan lọ́wọ́, ó sì pàṣẹ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ létí wọn. Inú ahéré ni wọ́n ń gbé. Darandaran a máa kó ewúrẹ́ wá bá wọn kí wọ́n lè mu wàrà. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ṣílẹ̀kùn lọ́jọ́ kan, àwọn ọmọ náà nawọ́ sí i, wọ́n ń ké pé "bekos". Ọba wádìí, wọ́n ní búrẹ́dì ni àwọn ará Fírígíà ń pè bẹ́ẹ̀. Ló bá gbà pé àwọn ará Fírígíà ṣáájú Íjíbítì dáyé. Ọ̀pọ̀ òǹkàwé ló ti sọ látìgbà náà pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ igbe ewúrẹ́ ni àwọn ọmọ náà ń fara wé.

Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, Akbar, ọba Mughal ní Íńdíà, kó àwọn ọmọ ìkókó sínú ilé kan tí àwọn alágbàtọ́ ibẹ̀ kì í ti í sọ̀rọ̀. Nígbà tó lọ wò wọ́n ní 1582, kò sí ọ̀rọ̀ kankan lẹ́nu wọn. Wọ́n sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ nípa Frederick Kejì, olú ọba kan ní Yúróòpù, àti nípa James Kẹrin ti Scotland, ẹni tí wọ́n ní ó fi ọmọ méjì àti obìnrin odi kan sí erékùṣù Inchkeith. Àwọn kan tilẹ̀ ní àwọn ọmọ erékùṣù yẹn sọ èdè Hébérù. Kò yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ gba èyíkéyìí nínú wọn gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n kọ òmíràn sílẹ̀, ọ̀tá ọba ló sì kọ òmíràn.

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ọba wọ̀nyí ṣe béèrè ìbéèrè wọn. "Èdè wo ni ọmọ yóò sọ?" ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ń bi, bí ẹni pé èdè kan ti wà ní ṣíṣetán lábẹ́ ahọ́n tó ń dúró de àyè. Gbogbo wọn tẹ́tí sí ẹnu. Kò sí èyí tí ìtàn sọ pé ó wo ọwọ́ àwọn ọmọ náà.

Lónìí, kò sí yunifásítì tó lè fàyè gba irú ìdánwò bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kó fàyè gbà á. Ní ìparí àwọn ọdún 1970, Derek Bickerton, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè tó ṣiṣẹ́ ní Hawaii, dábàá pé kí wọ́n kó àwọn ìdílé tí èdè wọn kò jọra lọ sí erékùṣù tí ẹnikẹ́ni kò gbé, kí a lè wo irú èdè tí àwọn ọmọ wọn yóò sọ. Wọn kò fún un lówó rẹ̀.

Àwọn tí ìyà jẹ

Àwọn ọmọ kan wà tí ìwà ìkà tàbí àìrìnnàkore sọ di aláìlédè. Ní 1800, wọ́n rí ọmọkùnrin kan tó jáde láti inú igbó ní Aveyron, ní gúúsù ilẹ̀ Faransé. Dókítà Itard sọ ọ́ ní Victor, ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ọ. Victor mọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀ bí ènìyàn ṣe ń sọ ọ́. Ní 1970, wọ́n rí ọmọbìnrin ọdún 13 kan nítòsí Los Angeles tí bàbá rẹ̀ ti dè mọ́ inú yàrá láti kékeré. Bó bá pariwo, wọ́n á nà án. Genie ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Susan Curtiss tó fi ọdún púpọ̀ sún mọ́ ọn kọ̀wé pé ó kọ́ ọ̀rọ̀ tó pọ̀, ṣùgbọ́n títò wọn sínú gbólóhùn kò bọ́ sí i lọ́wọ́.

A máa ń lo ìtàn Genie láti fi hàn pé ìgbà tí èdè ń wọlé ní òpin, gẹ́gẹ́ bí Eric Lenneberg ti sọ ní 1967. Ìtàn rẹ̀ ṣeé lò bẹ́ẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kò dáhùn ìbéèrè tiwa. Ọmọ tí ebi pa, tí wọ́n nà, tí ẹnikẹ́ni kò gbé mọ́ra, kì í ṣe èdè nìkan ni wọ́n fi dù ú. A kò lè mọ èyí tó fa èwo. Ọmọ tí à ń wá gbọ́dọ̀ ní ohun gbogbo tí ọmọ nílò, àyàfi èdè.

Adití nínú ilé àwọn tó ń gbọ́ràn

Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà, ó sì pọ̀. Nínú ọmọ adití 100, ó lé ní 90 tí àwọn òbí wọn ń gbọ́ràn, ọ̀pọ̀ irú òbí bẹ́ẹ̀ kò sì mọ èdè adití kankan. Ohùn wọn kò wọ etí ọmọ. Èdè ọwọ́ tí ì bá gba ojú wọlé, wọn kò ní in. Ọmọ ń jẹun yó, wọ́n ń gbé e mọ́ra, wọ́n ń bá a rẹ́rìn-ín, ọmọ àdúgbò ń bá a ṣeré. Èdè nìkan ni kò rí gbà.

Ní àwọn ọdún 1970, Susan Goldin-Meadow àti Heidi Feldman, pẹ̀lú Lila Gleitman, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣèwádìí nípa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ìlú Philadelphia. Nígbà náà, ọ̀pọ̀ ilé ìwé adití ní Amẹ́ríkà ń kìlọ̀ fún òbí pé kí wọ́n má fi ọwọ́ bá ọmọ sọ̀rọ̀, kí ó lè gbájú mọ́ wíwo ètè. Àwọn olùwádìí náà gbé kámẹ́rà lọ sílé, wọ́n kó ohun ìṣeré àti àwòrán dání, wọ́n jẹ́ kí ọmọ máa ṣeré bó ṣe fẹ́, wọ́n sì ń yà á. Àbọ̀ iṣẹ́ wọn àkọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn Science ní 1977.

Gbogbo àwọn ọmọ náà ló ń fi ọwọ́ sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni kò sì kọ́ wọn. A ó máa pe irú èdè kékeré yìí ní àmì inú ilé. Ó ní ẹ̀yà méjì pàtàkì. Èkíní ni nínàka sí ènìyàn tàbí nǹkan, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ tí "òun", "ìyẹn" àti "èyí" ń ṣe fún àwa. Èkejì ni àfarajúwe: ọmọ a yí ọwọ́ bí ẹni ń ṣí ìdérí ìgò, a kó ìka jọ lọ sí ẹnu bí ẹni ń jẹun, a gbọ́wọ́ méjèèjì sókè-sódò bí ẹyẹ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá dùn ni pé wọn kì í dá àmì kọ̀ọ̀kan ṣe kí wọ́n dúró. Wọ́n ń so wọ́n pọ̀. Ọmọ kan nàka sí ìpápánu, ó ṣe àmì jíjẹ, ó wá nàka sí Susan: ó ń pè é kó wá bá òun jẹun ni. Ìyẹn ti di gbólóhùn.

Gbólóhùn náà sì ní ètò. Ohun tí a ń ṣe nǹkan sí ni àwọn ọmọ yìí sábà máa ń kọ́kọ́ fi hàn, kí ìṣe tó tẹ̀ lé e. Àwa ń wí pé "jẹ àkàrà". Tiwọn lọ bí ẹni wí pé "àkàrà jẹ". Àwọn elédè Gẹ̀ẹ́sì tó bí wọn náà ń fi ọ̀rọ̀ ìṣe ṣáájú àbọ̀ gẹ́gẹ́ bíi tiwa, nítorí náà kì í ṣe ètò èdè ilé ni ọmọ ń tẹ̀ lé.

Wọn kò sì dúró sórí ohun tó wà níwájú wọn nìkan. David, bí wọ́n ṣe ń pè é nínú ìwé, rí àwòrán ṣọ́bìrì tí wọ́n fi ń kó òjò dídì. Ó nàka sí àwòrán náà, ó ṣe bí ẹni ń walẹ̀, ó ṣe bí ẹni ń fa bàtà gígùn wọ̀, ó nàka síta, ó tún nàka sí ìsàlẹ̀ ilé. Ohun tó ń sọ ni pé ìta ni wọ́n ti ń lò ó, pé ènìyàn á wọ bàtà kó tó lọ wà á, àti pé ìsàlẹ̀ ilé ni tiwọn wà. Kò sí ṣọ́bìrì kankan nínú yàrá náà. Ọmọ tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan rí ló ń ròyìn ohun tí kò sí níbẹ̀, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti fi ń ya èdè ènìyàn sọ́tọ̀ sí igbe ẹranko.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní làákàyè yóò béèrè pé: ṣé kì í ṣe ìyá ló kọ́ ọ? Ìyá náà ṣáà ní ọwọ́, ẹni tó bá sì ń sọ̀rọ̀ máa ń juwọ́. Àwọn olùwádìí náà béèrè bẹ́ẹ̀, wọ́n sì padà lọ wo ọwọ́ àwọn ìyá nínú fídíò kan náà. Àmì ìyá sábà máa ń dá wà, ó ń tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀. Kì í so wọ́n pọ̀ bíi ti ọmọ, ètò tó wà lọ́wọ́ ọmọ kò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 1998, Goldin-Meadow àti Carolyn Mylander gbé àbọ̀ ìwádìí mìíràn jáde nínú Nature: wọ́n fi ọmọ adití mẹ́rin ní Amẹ́ríkà wé mẹ́rin ní Táíwàn. Àwọn ìyá Táíwàn àti ti Amẹ́ríkà kì í juwọ́ bákan náà. Síbẹ̀ gbólóhùn ọwọ́ àwọn ọmọ náà, tí òkun ńlá pín níyà, jọ ara wọn ju bó ṣe jọ ti ìyá tó bí wọn lọ. Ní tèmi, kò sí ẹ̀rí kan nínú gbogbo ẹ̀kọ́ nípa èdè ọmọdé tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju èyí lọ pé ohun kan wà tí ọmọ ń gbé wá fúnra rẹ̀.

Ohun tí àmì inú ilé kò lè ṣe

Kò yẹ ká sọ ọ́ kọjá bó ṣe rí. Ní Nikarágúà, Elizabet Spaepen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣèwádìí nípa àwọn àgbàlagbà adití tí wọn kò lọ sí ilé ìwé adití rí, tó jẹ́ pé àmì inú ilé nìkan ni wọ́n fi dàgbà. Àbọ̀ rẹ̀ jáde ní 2011. Àwọn ènìyàn yìí ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń gba owó, wọ́n ń ná an, wọ́n ń ná ọjà. Bí ẹ bá fi nǹkan méjì tàbí mẹ́ta hàn wọ́n, wọ́n á na ìka méjì tàbí mẹ́ta. Bó bá ti kọjá mẹ́ta, ìka tí wọ́n nà a máa sún mọ́ iye rẹ̀, àmọ́ kì í fi gbogbo ìgbà pé: márùn-ún lè di mẹ́rin, ó sì lè di mẹ́fà. Ìka wà lọ́wọ́, owó wà lápò, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò bá wọn ka "ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin" rí. A ti lè máa rò pé ìṣirò jẹ́ ti ojú àti ọpọlọ, pé èdè kàn ń fún un lórúkọ ni. Àwọn ènìyàn yìí fi hàn pé òǹkà tó péye wà lára ohun tí àwùjọ ń fi èdè gbé lé ọmọ lọ́wọ́.

Ìdí tí àmì inú ilé fi ń dúró síbì kan kò ṣòro láti rí. Ọmọ nìkan ló ń sọ ọ́. Ìyá ń gbọ́ ọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, ṣùgbọ́n àwọn kì í fi dáhùn bí òun ṣe ń sọ ọ́. Kò sí ẹni tó ń jiyàn àmì kan pẹ̀lú rẹ̀, kò sí ẹni tó ń fi tàkùrọ̀sọ pẹ̀lú rẹ̀, kò sì sí ọmọ kékeré kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí yóò kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀.

Managua

Kí ló wá máa ń ṣẹlẹ̀ bí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ bá pàdé ara wọn? Orílẹ̀-èdè Nikarágúà, ní Amẹ́ríkà Àárín, ló jẹ́ kí ayé rí i lójú kòrókòró.

Ṣáájú àwọn ọdún 1970, kò sí àwùjọ adití níbẹ̀. Kálukú wà nílé òbí rẹ̀ pẹ̀lú àmì inú ilé tirẹ̀. Ní 1977, wọ́n ṣí ilé ìwé àkànṣe kan ní Managua, olú ìlú wọn, nǹkan bí 50 ọmọ adití ló sì wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn Sandinista gba ìjọba ní 1979, ètò ẹ̀kọ́ gbòòrò sí i. Ní 1980, wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ adití. Títí di 1983, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibi méjèèjì ti lé ní 400.

Àwọn olùkọ́ kò kọ́ wọn ní èdè adití kankan. Èdè Sípéènì ni wọ́n ń fi ètè kọ́ wọn, pẹ̀lú àmì ìka fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Kò wọlé. Ọmọ tí kò mọ̀ pé nǹkan ń jẹ́ ọ̀rọ̀ rí, kí ni yóò fi lẹ́tà ọ̀rọ̀ ṣe? Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó ń gbé wọn lọ sílé, àti ní pápá ìṣeré, ọwọ́ wọn kò sinmi. Ẹni tó ní àmì fún oúnjẹ mú tirẹ̀ wá, ẹni tó ní fún bàbá mú tirẹ̀ wá, wọ́n ń gba tara wọn, wọ́n ń ju èyí tí kò wúlò nù. Nígbà tó yá, àwọn olùkọ́ kò mọ ohun tí àwọn ọmọ ń sọ fúnra wọn mọ́. Ní 1986, Ilé Iṣẹ́ Ètò Ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ pe Judy Kegl, onímọ̀ èdè adití láti Amẹ́ríkà, pé kó wá bá wọn wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ ni èdè tuntun tó ń dàgbà lójú ẹni.

Ann Senghas ti bá àwọn adití Managua ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun ló sì kíyè sí ohun tó ṣe pàtàkì jù: àwọn àbúrò mọ èdè náà lò ju àwọn ẹ̀gbọ́n lọ. Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé ní nǹkan bí 1977 sí 1983 ni ẹgbẹ́ kìíní. Àwọn tó wọlé lẹ́yìn wọn, tí wọ́n kọ́ ọ lọ́wọ́ wọn láti kékeré, ni ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta. Ní ti èdè wa, àgbà ló ń tún ti ọmọdé ṣe. Ní Managua, ọmọ ọdún mẹ́fà ni èdè dá ṣáká lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo àpẹẹrẹ kan dáadáa. Senghas, Sotaro Kita àti Asli Özyürek fi fídíò ẹ̀fẹ̀ kan han àwọn adití 30, mẹ́wàá nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, àti àwọn ará Nikarágúà tó ń gbọ́ràn. Nínú fídíò náà, ológbò kan gbé bọ́ọ̀lù ńlá mì, ó sì ń yí gbirigbiri sọ̀kalẹ̀ ní òpópónà onígẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Wọ́n ní kí kálukú ròyìn rẹ̀. Nígbà tí àwọn tó ń gbọ́ràn ń fi ẹnu ròyìn ní Sípéènì, ọwọ́ wọn ń fi yíyí àti sísọ̀kalẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀kan náà: ọwọ́ ń yí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ohun náà ṣe rí lójú. Àwọn ẹgbẹ́ kìíní sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n àwọn ẹgbẹ́ kejì àti ìkẹta sábà ń gé e sí méjì. Ọwọ́ kọ́kọ́ yí lójú kan, ìyẹn ni "yí". Lẹ́yìn náà ni ó fà lọ sísàlẹ̀ láìyí, ìyẹn ni "sọ̀kalẹ̀". Àwọn kan tún padà yí i lẹ́ẹ̀kejì, yí–sọ̀kalẹ̀–yí, láti fi hàn pé ìgbà kan náà ni méjèèjì ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó ń sọ Yorùbá lè má rí ohun ìyanu níbẹ̀, nítorí pé bẹ́ẹ̀ ni àwa náà ń wí: "ó yí sọ̀kalẹ̀", ọ̀rọ̀ ìṣe kan fún bó ṣe ń lọ, òmíràn fún ibi tó kọrí sí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò. Ológbò kò yí kó tó wá sọ̀kalẹ̀. Ojú kò rí méjì. Àwọn ọmọ náà tú ohun kan ṣoṣo tí ojú rí sí ẹyọ kéékèèké tí wọ́n lè tún tò pẹ̀lú ẹyọ mìíràn: yí–wọlé, fò–sọ̀kalẹ̀, rìn–gòkè. Ọwọ́ tó ń yàwòrán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èdè ló ń ṣe é. Kò sí ẹni tó kọ́ wọn, kò sì sí lọ́wọ́ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn tó bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé ló mú un jáde nínú ohun tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n.

Wọ́n tún ṣe irú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì. Bí ẹgbẹ́ kejì bá ṣe "rí" sí apá òsì, tí wọ́n sì ṣe "sanwó" sí apá òsì kan náà, ẹni tí wọ́n rí ni wọ́n sanwó fún, kò sí àríyànjiyàn. Lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kìíní, apá òsì lè má túmọ̀ sí ohunkóhun. Senghas àti Marie Coppola ròyìn èyí ní 2001, wọ́n sì fi kún un pé àwọn tó bá èdè náà pàdé ní kékeré ló ń lò ó bẹ́ẹ̀ jù. Àwọn tó wọlé nígbà tí wọ́n ti dàgbà kò rí i mú dáadáa, bó ti wù kí ó pẹ́ tó tí wọ́n ti wà láàrin wọn.

Ọ̀rọ̀ náà kò dúró sí gírámà. Jennie Pyers àti Senghas fi ìtàn aláwòrán han àwọn àgbà ẹgbẹ́ kìíní: ọmọ kan fi ọkọ̀ ojú irin ìṣeré sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó jáde, àbúrò rẹ̀ gbé e lọ síbòmíràn. Níbo ni ẹ̀gbọ́n yóò ti wá a? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà yìí mú ibi tí nǹkan náà wà gan-an, kì í ṣe ibi tí ẹ̀gbọ́n rò pé ó wà. Èdè wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ní àmì fún "rò" àti "mọ̀". Ẹgbẹ́ kejì, tí wọ́n kéré sí wọn lọ́jọ́ orí, gbà á. Nígbà tí ẹgbẹ́ kìíní bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àbúrò wọn jókòó déédéé, tí àwọn àmì wọ̀nyí sì wọ ọwọ́ wọn, àwọn náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á. Àwọn ènìyàn tó gbọ́n, tó ti ń tọ́jú ilé, ni a ń sọ. Èdè tí wọ́n rí gbà lẹ́yìn ló jẹ́ kó rọrùn fún wọn láti rí inú ẹlòmíràn.

Ta ló ni ẹ̀rí yìí?

Ọ̀nà méjì ni àwọn onímọ̀ ń gbà túmọ̀ rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀ lé Noam Chomsky ní a bí ìpìlẹ̀ gírámà mọ́ ọmọ, Managua sì ni ẹ̀rí. Àwọn bíi Michael Tomasello ní ohun tí a bí mọ́ ọmọ kì í ṣe gírámà bí kò ṣe ìfẹ́ láti mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹlòmíràn àti láti fi tirẹ̀ hàn. Simon Kirby àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Edinburgh tilẹ̀ fi hàn ní 2008 pé bí àgbàlagbà bá kọ́ ọ̀rọ̀ tí kò ní ètò, tí ẹlòmíràn kọ́ ọ lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹlòmíràn tún kọ́ ọ lọ́wọ́ ìyẹn, ètò á máa wọnú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìsí ẹni tó pète rẹ̀.

Èrò tèmi ni pé apá kọ̀ọ̀kan di ìdajì òtítọ́ mú. Bó bá jẹ́ pé gírámà ti pé nínú ọmọ, David kì bá tí nílò ẹgbẹ́, àwọn ẹ̀gbọ́n Managua kì bá sì tí dúró sí ibi tí wọ́n dé. Bó bá sì jẹ́ pé ẹgbẹ́ nìkan ló ń ṣe é, àwọn ọmọ Táíwàn àti ti Amẹ́ríkà kì bá tí jọra. Ó yẹ ká tún rántí pé ọmọ Managua kò bẹ̀rẹ̀ lórí òfo. Ó rí ìjuwọ́ àwọn tó ń gbọ́ràn, ó sì mú àmì inú ilé rẹ̀ dání wá. Ohun tó rí gbà kéré, kò sì tíì jẹ́ èdè. Òun ló sọ ọ́ di èdè.

Irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn láìsí ilé ìwé. Ní abúlé Al-Sayyid, láàrin àwọn Bedouin ní aṣálẹ̀ Négéfì ní Ísírẹ́lì, àìgbọ́ràn ń tẹ̀ lé ìdílé, nǹkan bí 150 adití ló sì wà láàrin nǹkan bí 3,500 ènìyàn nígbà tí Wendy Sandler, Irit Meir, Carol Padden àti Mark Aronoff ròyìn èdè wọn ní 2005. Níbẹ̀, olùwà ló ń ṣáájú, àbọ̀ tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìṣe gbẹ̀yìn, ètò tí kì í ṣe ti èdè Lárúbáwá tí wọ́n ń sọ ládùúgbò. Ní Gánà, abúlé Adamorobe ní èdè adití tirẹ̀ tí àwọn tó ń gbọ́ràn níbẹ̀ náà ń sọ.

Ọmọ adití nílé wa

Ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn wa kì í yẹ etí ọmọ tuntun wò. Ọmọ lè tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta kí ilé tó gbà pé kò gbọ́ràn, nítorí pé àwọn àgbà á ti máa wí pé "yóò sọ̀rọ̀ tó bá yá". Lẹ́yìn náà ni ìrìn àjò ìwòsàn yóò bẹ̀rẹ̀, láti ọsibítù dé ṣọ́ọ̀ṣì dé ọ̀dọ̀ babaláwo. Òbí kò jẹ̀bi pé ó ń wá ìwòsàn. Ohun tó ń dunni ni pé ọdún tí ọmọ ì bá fi kọ́ èdè ń lọ, ọdún yẹn kì í sì í padà.

Nígbà tí Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dé Gánà ní 1957 tó sì dá ilé ìwé adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1960, èdè adití Amẹ́ríkà ló mú wá. Ìdí nìyẹn tí èdè tí a ń fi kọ́ adití ní Nàìjíríà fi bá ti Amẹ́ríkà tan. Ṣùgbọ́n àmì inú ilé ti wà ní abúlé wa kí Foster tó dé, ó sì ṣì wà. Olùkọ́ tó bá gba ọmọ ọdún mẹ́jọ tuntun sí kíláàsì kò gbọdọ̀ rò pé ọmọ náà kò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Kó wo bó ṣe ń nàka, kó wo ohun tó ń kọ́kọ́ fi hàn, kó bi ìyá rẹ̀ léèrè ohun tí àmì kọ̀ọ̀kan túmọ̀ sí, kó sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kó wá adití ẹgbẹ́ rẹ̀ fún un, àti adití àgbà tó mọ èdè náà dáadáa, kí ọmọ lè rí ẹni tí yóò máa fèsì.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

1. Kí nìdí tí ìtàn Genie kò fi tó láti dáhùn ìbéèrè orí yìí, tí ti David sì sún mọ́ ọn?

2. Ní kí ọ̀rẹ́ rẹ mẹ́ta, lọ́kọ̀ọ̀kan, fi ọwọ́ nìkan ròyìn bọ́ọ̀lù tó ń yí sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ìfọwọ́ṣe kan ni wọ́n lò tàbí méjì. Fi wé àwọn ẹgbẹ́ Managua, kí o sì ṣàlàyé ohun tó fa ìyàtọ̀ tàbí ìjọra tí o bá rí.

3. Bí ọmọ adití kan bá wà ládùúgbò rẹ, tọrọ àyè lọ́wọ́ òbí rẹ̀ kí o tó bá a ṣeré. Kíyè sí àmì méjì tó so pọ̀. Èwo ló ṣáájú, ohun náà ni tàbí ìṣe?